Fèrèsé Tí Mo Yọ Sí Ilé Ẹṣin

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Láti Ìlọrin níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí bàbá mi, kí ẹ sọ fún wọn pé etí tí ń dùn mí ti san. Mo kí Ìyá Àgbà ní yàrá wọn, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Tìmótì tí ó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Kí ó rọra kà á, kí ó má sì fo ibi tí ojú bá ti tì mí.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ilé mi fi wà nínú ìwé ìròyìn. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo fi lẹ́tà rán ẹni tí ó bá rélùwéè bọ̀ wálé, kò sí èyí tí ó dé ọwọ́ yín. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan fo òun, nítorí náà èyí yóò dé. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni ọmọbìnrin tí ó tẹ̀lé ọkọ lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹlòmíràn bá ka ohun tí mo ṣe, bóyá òun kò ní ṣe é.

Ẹ ránṣẹ́ sí mi nígbà ọyẹ́ pé bí bàbá Àbẹ̀kẹ́ kò bá yé rìn, kí n gbé ọmọ náà wá fún yín kí òjò tó dé, kí ẹ máa bá mi tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ fítà ni ọkọ mi ń ṣe, ó ń tún ọkọ̀ ṣe fún àwọn tí ń la ọ̀nà mọ́tò ní ìhà Jẹ́bà. Ibi tí mọ́tò bá kú sí ni ó ń lọ. Ó lè lo ogún ọjọ́ lọ́nà, kí ó wá sùn nílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọyẹ́ ọdún yìí le. Ètè ọmọ bẹ́, mo ń fi òrí pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Eruku wọ inú ẹ̀wà, ó wọ inú Bíbélì mi. Mo ń lọ sí ọjà Ìpàtà láàárọ̀, mo ń bọ̀, mo ń ti ilẹ̀kùn. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Lárúbáwá pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ní ohùn Ẹ̀gbá tèmi dà bíi ti ẹni tí ń bá ènìyàn jà. Nítorí náà mo dákẹ́. Ó láwọn ọjọ́ tí n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ọmọ ọwọ́.

Ní ọjọ́ kan tí bàbá rẹ̀ dé, Àbẹ̀kẹ́ wò ó lójú, ó fi igbe ta, ó sì di aṣọ mi mú. Bàbá rẹ̀ ní kò burú, òun ó lọ jókòó síta títí ojú ọmọ yóò fi mọ́ òun lára. Ó jókòó síta lóòótọ́. Mo wà nínú ilé, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta.

Lẹ́yìn èyí ni ó lọ bá onílé wa, Ààfáà Sàlíù. Ilé ẹṣin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wa, tí ó kọjú sí ìta. Bàbá Ààfáà ni ó ń so ẹṣin síbẹ̀ láyé àtijọ́. Láti ìgbà tí ẹṣin ti tán nílé náà, koríko orí rẹ̀ ti jẹrà, ewúrẹ́ ni ó ń sùn sínú rẹ̀. Ọkọ mi bẹ Ààfáà pé kí ó jẹ́ kí òun sọ ọ́ di ibi tí mọ́tò lè wọ̀, kí àwọn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ máa gbé e wá bá òun nílé, kí àwọn tí ó ní kẹ̀kẹ́ ológeere náà máa wá. Ààfáà ní kí ó tún un ṣe, kí ó máa lò ó. Inú mi dùn ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Bí ilé ẹṣin yìí bá parí, Àbẹ̀kẹ́ yóò ní bàbá. Bí kò bá parí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ògiri tuntun yóò wó, ọkọ mi yóò padà sí ọ̀nà Jẹ́bà.

Ọ̀mọlé tí a rí jẹ́ àlejò bíi tiwa, ará Ìjẹ̀bú ni, rélùwéè ni ó gbé òun náà dé. Ó kó ìgbẹ́ ẹṣin àti ti ewúrẹ́ jáde fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó fẹ ẹnu ọ̀nà, ó mọ ògiri tí ó ti wó, ó ń fi ìpele kan lé òmíràn bí ti ìsàlẹ̀ bá ti gbẹ. Ọkọ mi wà lọ́nà. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń lọ, èmi ni ó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún, nítorí mo mọ ìwé, mo sì mọ bí a ti ń fi okùn wọn nǹkan.

Ìyá mi, ibí ni ojú ti ń tì mí. Inú ilé ẹṣin náà ṣókùnkùn. Mo sọ fún ọ̀mọlé pé kí ó yọ fèrèsé ńlá kan sí ògiri ẹ̀yìn, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ga ju àyà mi lọ. Mo ní nítorí ìmọ́lẹ̀ ni. Nítorí ìmọ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ti máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé nílé, tí ẹ̀yin àti ìyá Sùsánà yóò máa sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ yóò fi jó? Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ọkọ mi kò sọ pé kí n yọ fèrèsé kankan.

Bí wọ́n ti dá a lu, mo gbé orí jáde. Àgbàlá kan tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní ni mo rí, ọmọbìnrin kan tí kò dàgbà jù mí lọ sì ń gún nǹkan nínú odó, kò borí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì juwọ́ sí i. Ó sọ ọmọ odó nù, ó fi ìró borí, ó sáré wọlé. Mo rò pé ó ń tijú ni. Mo tún dúró níbẹ̀, mo ń retí kí ó padà.

Àgbàlá àwọn ìyàwó Ààfáà ni. Ẹlẹ́hàá ni wọ́n, ọkùnrin tí kì í ṣe tiwọn kò gbọdọ̀ rí wọn, wọn kì í sì í jáde sí ìta ní ọ̀sán. Mo ti ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú wọn fún oṣù méje, n kò sì mọ̀ pé ògiri ilé ẹṣin ni ó ya ìta kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ààfáà wá lẹ́yìn tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́. Kò jókòó, kò gbé ohùn sókè. Ó bi mí léèrè àlàáfíà ọmọ, ó ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n ilé òun ti di ìta. Ó ní kí iṣẹ́ dúró títí ọkọ mi yóò fi dé. Ọ̀mọlé kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó rò pé ọ̀mọlé ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí ara rẹ̀. Ó bú u títí. Mo ń fọ aṣọ, mo ń gbọ́, n kò sì sọ̀rọ̀. Ààfáà ní kí ó dí fèrèsé náà pátápátá. Ọkọ mi ní bí òun bá dí i, báwo ni òun ó ṣe rí ìdè irin kékeré tí ó wà lábẹ́ mọ́tò, ṣé ọwọ́ ni òun ó máa fi ríran ni? Ìgbéraga mú un. Ó ní kí wọ́n gba ilé ẹṣin wọn. Ó ní àwọn òyìnbó ń wá fítà tí yóò tẹ̀lé wọn lọ sí òkè odò Ọya fún ọdún kan, òun ó lọ, kí èmi gbé ọmọ mi lọ sílé ìyá mi. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiyín ti jáde, ìyá mi, bí ẹni pé ẹ̀yin méjèèjì ti jọ sọ ọ́. Ojú ọ̀run ti ń ṣú ní ìrọ̀lẹ́ nígbà yẹn. Mo ń wò ó lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo pọn Àbẹ̀kẹ́, mo gba ẹnu ọ̀nà Ààfáà wọlé lọ bá àwọn obìnrin rẹ̀. Ìyàwó àgbà, Ìyá Sáfú, ni ó dá mi lóhùn. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo yọ fèrèsé náà, pé ọkọ mi kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rò pé ìjọba ni ó rán mi wá ka àwọn obìnrin ilé. Ó ní ọjọ́ karùn-ún rèé tí Ààfáà ti ní kí àwọn má jáde sí àgbàlá, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ti ń dáná, kí n wo bí ojú àwọn ṣe pọ́n. Àmínátù, ẹni tí mo juwọ́ sí, ní ṣe ni mo dà bí ẹni tí ó ti inú rélùwéè yọrí, tí ó ń kí gbogbo ayé. Wọ́n sín mi jẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, n kò mọ èyí tí ó kọ́kọ́ wá.

Ìyá Sáfú bi mí pé kí ni ọkọ mi fẹ́ fi fèrèsé ṣe. Mo ní ìmọ́lẹ̀. Ó ní ta ní sọ pé ìmọ́lẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn wọlé? Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó tuntun, ihò márùn-ún wà lókè ògiri yẹn lábẹ́ òrùlé, tí ooru ara ẹṣin ń gbà jáde. Oòrùn ń gbà á wọlé dáadáa, kò sì sí ọkùnrin tí ó ga tó o. Ìgbà tí ẹṣin tán ni wọ́n fi amọ̀ dí wọn. Ó tún ní ilẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò lù ú? Mo ní n kò mọ̀ pé wọ́n ń lu ilẹ̀. Ó ní, ìwọ ará Ẹ̀gbá, ṣé o fẹ́ kí mọ́tò wọ inú eruku ìgbẹ́ ẹṣin? Iṣẹ́ ìyá òun ni ilẹ̀ lílù, kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ òun.

Mo padà sílé, mo sọ òtítọ́ fún ọkọ mi. Ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́, lẹ́yìn náà ó bi mí pé ṣé mo jẹ́ kí òun bú ọmọ ọlọ́mọ lásán ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ wá ọ̀mọlé rí, ó bẹ̀ ẹ́. Láti ibẹ̀ ó lọ bá Ààfáà, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní Ààfáà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ààfáà ní bí ó bá jẹ́ pé obìnrin ni ó ṣí i, kí obìnrin náà dí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ lu ilẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe lù ú. Àwọn obìnrin náà kò lè gba ìta kọjá ní ojúmọmọ. Fèrèsé tí mo yọ ni wọ́n gbà. Ọkọ mi àti ọ̀mọlé lọ ra páànù, mo fi ẹní méjì dí ẹnu ọ̀nà ìta, àwọn mẹ́jọ, àwọn ìyàwó Ààfáà àti àwọn obìnrin mìíràn nínú ilé náà, sì fi odó ṣe àtẹ̀gùn, wọ́n ń gun fèrèsé wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Sáfú sanra, ó há síbẹ̀. Àwa kan ń fà á láti inú, àwọn kan ń tì í láti ẹ̀yìn, ó ní bí òun bá kú síbẹ̀ kí wọ́n mọ òun mọ́ ògiri, ìyẹn náà yóò dí i.

Wọ́n da yangí sílẹ̀, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n tò ní ìlà kan, wọ́n sì ń fi igi pẹlẹbẹ lù ú, wọ́n ń fà sẹ́yìn bí wọ́n ti ń lù, wọ́n ń kọrin. Lẹ́yìn náà wọ́n da omi tí wọ́n fi rẹ èèpo igbá, igi tí a ń rí irú lára rẹ̀, lé e, wọ́n tún lù ú. Ilẹ̀ náà pọ́n, ó ń dán bí awọ. Ọwọ́ mi bó. Ẹ̀yìn Àmínátù ni Àbẹ̀kẹ́ sùn sí.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Àmínátù lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó yọjú wo ìta láti àlàfo ẹní. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń kọjá, àwọn Hausa tí ó ru obì ń kọjá. Ó padà wá, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ náà. Lẹ́yìn díẹ̀, ó tún dìde lọ wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n gba fèrèsé padà. Ní ọjọ́ kejì, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé amọ̀ àkọ́kọ́ sí i, ọ̀mọlé sì parí rẹ̀. Ó la ihò márùn-ún òkè. Bí oòrùn bá ti yọ, ìmọ́lẹ̀ márùn-ún a tò sí ilẹ̀ pupa náà. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n kan páànù tán ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbọ́ ohùn ara mi. Ògiri dúró.

Nǹkan kan kù tí a kò dí. Nísàlẹ̀ pátápátá, ihò kan wà tí apá lásán ni ó gbà, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń da omi sí ọpọ́n ẹṣin láti inú àgbàlá. Ìyá Sáfú ní kí a fi í sílẹ̀, kò sí ọkùnrin tí yóò dọ̀bálẹ̀ wo ẹsẹ̀ arúgbó. Àbẹ̀kẹ́ ni ó rí i. Láàárọ̀ ó máa ń rákò lórí ilẹ̀ náà, ó ń kọjá lára bàbá rẹ̀ tí ó wà lábẹ́ mọ́tò, ó ń fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń kọjá, kì í sunkún mọ́. Ó ń lọ tààrà sí ihò náà, ó ń na ọwọ́ síbẹ̀. Ọwọ́ kan yóò sì na jáde láti ìhà kejì, yóò fi kúlíkúlí sí i lọ́wọ́. Èmi náà ń jókòó síbẹ̀ bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà. A kì í rí ara wa, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ mi ti jó lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ìyá mi, n kò ní gbé ọmọ wá. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá rélùwéè wá wò ó. Ara mi kò tíì balẹ̀ tán, mo ṣì ń dìde wo ògiri nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi wà nílé.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí kí ẹ lè fi ẹsẹ̀ ara yín tẹ ilẹ̀ tí a lù yìí. Kí ó fún bàbá mi ní ìlera, kí ó má jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn burúkú láàárín ara wa. Ẹ bá mi kí ìyá Sùsánà, kí ẹ sì kí gbogbo ará ilé ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kí yín, kúlíkúlí wà lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Lìdíà, ìyá Àbẹ̀kẹ́.