Àga Tí Wọ́n Ní Mo Jí ní Yábàá

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìpọ̀nrí níbí. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bùnmi, àti Délé àbúrò mi tó ń múra ìdánwò. Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò Màmá mi, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà á wà níjòókòó nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí. Ẹ kú ìjòókòó, sà.

Mo fẹ́ kí wọ́n kà á sókè. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bà mí lórúkọ jẹ́, gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, nínú ìpàdé ẹbí, lójú tọmọdé tàgbà, títí kan àwọn ìyàwó ilé tí wọn ò mọ̀ mí rí. Mi ò lè wá máa dáhùn ní kọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Délé gbé e sójú òpó ẹbí wa lórí fóònù, kí àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti àwọn tó wà lókè òkun náà rí i kà. Ẹ má bínú sí i, èmi ni mo rán an.

Bọ̀dá Káyọ̀dé sọ pé mo jí àga níbi iṣẹ́. Wọ́n ní àga olówó ńlá ni, pé mo gbé e jáde lọ́sàn-án gangan, pé ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló pe àwọn, pé ojú ti àwọn nítorí àwọn làwọn wá iṣẹ́ náà fún mi. Lóòótọ́ ni mo gbé àga jáde. Lóòótọ́ ni pé ọ̀sán gangan ni. Olè tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni mi ò mọ̀ rí.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ dídá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù ni mo ń ṣe ní Yábàá. Láago mẹ́jọ àárọ̀ la máa ń gbé ẹ̀rọ sétí, tí a ó máa bẹ àwọn tínú ń bí títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́sàn-án gbáko. Orí àga oníke funfun la máa ń jókòó sí nígbà yẹn, irú èyí tí wọ́n ń háyà fún ìsìnkú. Kí n tó lo ọdún kan níbẹ̀, ẹ̀yìn ti ń dùn mí débi pé tí mo bá ti wọlé, orí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni mo máa ń nà gbalaja sí. Ẹ̀yin náà mọ ooru inú yàrá yẹn. Kò sí ẹni tí mo lè sọ pé kó bá mi fọwọ́ ra ẹ̀yìn. Mi ò sọ fún yín, torí mo mọ ohun tí ẹ máa wí. Ẹ máa ní ọgbọ̀n ọdún lẹ fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ igbe yín.

Lọ́jọ́ Ajé kan, a dé ọ́fíìsì, a bá àga tuntun nídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Dúdú ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn dà bí àwọ̀n, wọ́n ní ibi ìgbórílé àti ibi ìgbápálé, táyà kéékèèké márùn-ún ló sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn lè gbé e sókè, ó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó lè fẹ̀yìn tì í kó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá wa dúró láàárín wa, ó ní irú àga yìí làwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò nílẹ̀ òkèèrè, pé àwọn dókítà ló dá àbá bí wọ́n ṣe kàn án, pé ẹ̀yìn ò ní dun ẹnikẹ́ni mọ́. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, Màmá. A ò tíì sọwọ́ kalẹ̀ tí wọ́n fi gbé ìwé wá.

Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé àwa la máa san owó àga, díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wa, fún oṣù mẹ́wàá. Ẹni tó bá san tán, àga di tirẹ̀. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ju owó oṣù mi méjì lọ. Ẹnikẹ́ni ò bi wá bóyá a fẹ́. Sàídì, ọmọkùnrin tó jókòó tì mí, béèrè pé bí èèyàn ò bá fẹ́ ńkọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé. Wọ́n ti kó àwọn àga oníke lọ pátápátá. A fọwọ́ sí i.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ yẹn, torí ẹ̀yin àti ọ̀gá náà lẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ní ìjọ yín. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí n máa dúpẹ́. Ẹ ní àwọn tó jáde yunifásítì pọ̀ ní Sùúrùlérè tí wọn ò rí iṣẹ́ tí wọ́n á jókòó tì, ká tó wá sọ ti àga. Bí ẹ bá ti gbàgbé, èmi ò gbàgbé.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá àga náà dára. Ó dára. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìbàdí mi ró. Mo ń rìn délé láìdi ẹ̀gbẹ́ mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lọ́kàn mi pé bóyá ó tó bẹ́ẹ̀, pé bóyá èmi ni mo ń ṣe ahun sí ara mi.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n gé àkókò ìjẹun wa kù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀gá ní pẹ̀lú irú àga tí òun rà fún wa, kí la tún fẹ́ dìde lọ ṣe. Ó ní òun rà á fún wa. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ká máa jẹun lórí ìjókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ti dìde lẹ́ẹ̀mejì kí aago méjìlá tó lù, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àga ni wọ́n fi so wá mọ́lẹ̀, wọ́n sì tún gba owó okùn lọ́wọ́ wa.

Kò pé oṣù márùn-ún tí ìrora ẹ̀yìn mi fi padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó tún wá gba itan ọ̀tún lọ sísàlẹ̀. Mo lọ sí ọsibítù ìjọba. Obìnrin kan tó ń tọ́jú eegun àti iṣan bi mí ní iye wákàtí tí mo fi ń jókòó lóòjọ́. Mo sọ fún un, mo sì yára fi fọ́tò àga mi hàn án lórí fóònù, bí ẹni tó ń fi ọmọ hàn. Ó wò ó. Ó ní àga dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sí àga tí wọ́n tíì kàn tó gba wákàtí mẹ́sàn-án. Ó ní kí n máa dìde ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n rìn díẹ̀, kí n na ara, pé ìyẹn á ṣe mí lóore ju àga lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó kọ lẹ́tà fún mi.

Mo mú lẹ́tà náà fún ọ̀gá. Ó kà á, ó ká a, ó dá a padà fún mi, ó ní ṣé ọsibítù ló ń san owó oṣù mi.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, màá yọ ẹ̀rọ létí, màá rìn dé ojú fèrèsé, màá wo òjò lórí páànù àwọn ilé ìsàlẹ̀ yẹn, màá padà. Kì í tó ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n ń kọ orúkọ mi, wọ́n sì ń yọ nínú owó oṣù mi, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń yọ fún àga. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ sí yín fi kéré láwọn oṣù yẹn. Ẹ rò pé ọkùnrin ni mò ń ná an fún, Àǹtí Bùnmi sọ fún mi. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Sàídì tó máa ń bu nínú ẹ̀wà rẹ̀ fún mi wá ń tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tí mo bá ti dìde. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú mi. Mi ò bá wọn jà. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ bùkátà.

Mo fara dà á títí oṣù kẹwàá fi pé. Obìnrin tó ń mójú tó owó fọwọ́ sí ìwé mi pé mo ti san tán, ó sì lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ sí i. Ọjọ́ kẹrin sí ìgbà náà, mo dìde lọ sójú fèrèsé. Ọ̀gá jáde láti inú yàrá rẹ̀, ó dúró lójú gbogbo wa, ó ní ẹni tí kò bá lè jókòó kó máa lọ sílé. Mo ní ó dáa, sà. Mo kó báàgì mi sórí àga mi, mo sì ń tì í lọ.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì dá mi dúró. Mo fún wọn ní ìwé náà. Wọ́n fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi mí bóyá òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ nìyẹn, mo ní òun ni. Wọ́n ṣí géètì, wọ́n ní kí n ṣọ́ra fún gọ́tà. Bọ̀dá Káyọ̀dé, olè wo ló ń dúró kí wọ́n ka ìwé rẹ̀ tán lẹ́nu géètì?

Àwọn ọlọ́kọ̀ ní àfi kí n san owó èèyàn méjì fún àga. Mo ní mi ò san kọ́bọ̀ kan lé e mọ́. Mo tì í lẹ́bàá títì láti Yábàá, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Mádáàmù Ọ́fíìsì. Òjò ká mi mọ́ Ojúẹlẹ́gba, mo bá sá sábẹ́ bíríìjì pẹ̀lú àwọn èèyàn, mo sì jókòó lórí àga mi. Ó tó ìdajì wákàtí tí mo fi jókòó síbẹ̀ láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Mi ò ní parọ́, mo sunkún. Nígbà tí òjò dá, mo dìde, ẹnikẹ́ni ò sì kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá pe Bọ̀dá Káyọ̀dé. Bọ̀dá Káyọ̀dé ò pè mí. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ wọn, ilé mi ò sì jìnnà sí tiwọn. Kàkà kí wọ́n yà, mọ́tò ni wọ́n wọ̀, wọ́n gbé e wá fún yín nílé bí ẹni gbé ẹran Iléyá. Lọ́jọ́ kejì, Délé pè mí, ó ń kólòlò, ó ní ẹ ní kí n dá àga padà, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá bí ọkùnrin tí kíkúnlẹ̀ ò bá tó, pé ẹ̀yin ò bí olè.

Màmá, ẹ ò bi mí. Olùkọ́ ni yín. Tí ọmọ méjì bá jà nínú kíláàsì yín, ẹ máa ń gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kí ẹ tó mú pankẹ́rẹ́. Mo wà nínú kíláàsì yẹn, mo mọ̀. Ìgbà tó wá kan ọmọ tiyín, ẹ gbọ́ tẹnu ẹnì kan, ẹ sì nà mí. Gbogbo ohun tí ọ̀gá yẹn fi ojú mi rí, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè dá àga padà. Mo ti tà á. Ìyá Ràṣídà, aránṣọ ilé wa, ló kọ́kọ́ dán an wò, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ni àga ń sá lọ kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n bá padà sórí àpótí wọn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló wá rà á lọ́jọ́ Sátidé, kò tó ìdajì ohun tí mo san. Wọ́n ń kọ ìtàn ìdílé wọn, wọ́n ní wákàtí kan lóòjọ́ ni. Mo ní á pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá bi mí bóyá irú àga bẹ́ẹ̀ tó owó rẹ̀, màá ní ó tó o, fún ẹni tó lè dìde lórí rẹ̀ nígbà tó bá wù ú.

Mo ti ríṣẹ́ sí ilé ìtajà oògùn kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ìdúró àti ìrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Mo fi díẹ̀ nínú owó àga ra bàtà tó rọ̀. Owó oṣù ibẹ̀ kéré sí ti Yábàá, nítorí náà ohun tí mo máa fi ránṣẹ́ á dín kù fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n á máa dé. Ẹ̀yìn mi ti ń fúyẹ́.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, fọ́tò ìwé náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, tòun ti òǹtẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà á sókè níjòókòó yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ tọrọ àforíjì. Màmá, mi ò ní wálé fún Ìkórè ọdún yìí. Tí ẹ bá fẹ́ rí mi, mo máa ń wà nílé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Màá se ìrẹsì, màá tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì fún yín, ẹ óò sì bi mí ní ohun tó bá wù yín.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, kí Délé yege, kí òjò ọdún yìí má ba nǹkan kan jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ àti àwọn tí kò gbà á gbọ́ tí wọ́n dákẹ́.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,

Fọlákẹ́