Pátánì Tí Mo Tì Mọ́nú Àpótí Irin

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú sùúrù, nítorí èmi tí mo bí ọ kò ní in. Olúwa yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, ojú ọ̀gá rẹ kò ní korò sí ọ. Ara bàbá rẹ ti yá, ó ní kí n kí ọ, kí n má sì kọ lẹ́tà yìí gùn jù, bí ẹni pé òun ló ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ tí o ṣàlàyé fún mi lórí fóònù ti wúlò nílé o. O ní ìlà kan wà tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ẹ̀ ń pè ní polinómíà, pé ẹni tó ni ín á kọ́kọ́ tì í pa kó má baà lè yí i padà mọ́, ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò á wá mú ibi tó bá wù ú lórí rẹ̀, wọ́n á fi ibẹ̀ nìkan hàn án pẹ̀lú ẹ̀rí, kò sì ní rí ìyókù. Mo ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Iṣẹ́ télọ̀ nìyẹn! Ìlà abíyá tí mo ń gé lójoojúmọ́ ni! Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé télọ̀ kọ̀ǹpútà ni ọmọ mi, tó ń gé aṣọ láìsí aṣọ, wọ́n sì ń kí mi kú oríire.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa níbí ń wá ẹni tí yóò rán aṣọ iṣẹ́ fún gbogbo wọn. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo rẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń dì í mọ́ra. Télọ̀ òdìkejì títì, tí a ń pè ní Ó-Dọ̀la nítorí ìyẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ fún oníbàárà, ló rán ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan tó dáa ló fi hàn wọ́n, ìyókù há lábíyá débi pé nọ́ọ̀sì kò lè nawọ́ gbé oògùn lórí pẹpẹ. Obìnrin náà wá ní òun ò gba télọ̀ kankan gbọ́ mọ́, àfi kí n kó pátánì mi, bébà tí mo fi ń gé aṣọ, fún òun. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí Ó-Dọ̀la lè rí i dà kọ? Bẹ́ẹ̀ bí n kò bá rí iṣẹ́ yìí gbà, ìdajì àwọn ọmọṣẹ́ mi ló máa lọ sílé.

Ni mo bá rántí rẹ. Mo fi pátánì sínú àpótí irin, mo tì í, mo gbé àpótí fún un, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn mi. Mo ní bí a bá rán an tán, kó mú aṣọ tó wù ú, kó mú ojú ibi tó wù ú, ká fi wé pátánì níṣojú rẹ̀. Ó-Dọ̀la, tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà padà, lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ibi tó máa wọ̀n fún òun ṣáájú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni àwọn ọmọṣẹ́ bi mí pé pátánì wo la ó fi gé e. Ọmọ mi, mo jókòó. Ẹyọ kan ṣoṣo tí a ní ni mo tì pa! Ọ̀kan ní kí n lọ tọrọ àpótí náà. Mo bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé ṣá, kí wọ́n lè sọ pé mo fẹ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀? Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà náà látinú ọpọlọ sára bébà tuntun, mo ní kí wọ́n máa gé. Ẹ̀rù bà mí o, àmọ́ wọn kò mọ̀, torí mò ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n yára.

Ọjọ́ tí a kó aṣọ lọ, olórí nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ wo àwọn tí mo tò sókè. Ó fa ọ̀kan yọ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó nàka sí abíyá ọ̀tún, lẹ́yìn, níbi tí ìlà ti yí jù. Mo ṣí àpótí, mo fi aṣọ bo pátánì, mo ṣí ibi kékeré yẹn nìkan sílẹ̀. Ó fi téèpù sí i, ó tún fi sí i. Rẹ́gí! Ó mú òmíràn, rẹ́gí! Ó ní òun kò rí irú télọ̀ báyìí rí, mo ní kì í ṣe èmi, ọmọ mi ni.

Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ohun kan kù nínú iṣẹ́ yín: kí ẹni tó bá máa ti nǹkan pa kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílé. Mi ò gba owó ìmọ̀ràn. Kí ẹ sì yára parí ìyókù. Níbi tí mo ti kọ́ nípa òwò, wọ́n ní oníbàárà tó bá dúró pẹ́ ti ń wo ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn.

Wọ́n ti fi aṣọ àwọn dókítà kún un, mo nílò ẹ̀rọ ìránṣọ kan sí i. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Èyí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ibì kan ṣoṣo hàn èèyàn o, gbogbo rẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́.

Ibikíbi tí ayé bá ti fi téèpù lé iṣẹ́ rẹ, láìsọ fún ọ tẹ́lẹ̀, yóò ṣe rẹ́gí. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.