Ohùn Tí Wọ́n Pa Nítorí Àdúrà

Lẹ́yìn Toll Gate,
Ṣàngó-Ọ̀tà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Oyèbọ́lá,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ṣakí? Ara àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, torí ẹni tó bá kà á lórí ìdúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí kẹ́míkà ti ta sí Bàbá wa lójú níbi iṣẹ́ ní Agbára ni wọ́n ti ń jókòó sílé bí àpò sìmẹ́ńtì. Ìjọ ńlá ẹ̀yìn ilé wa, tí wọ́n ń kọ́ yunifásítì, ra kọ̀ǹpútà kan. Wọ́n ní bí Bàbá bá lè lò ó lójú ìjọ lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ rẹ̀, àwọn á gbà wọ́n sí ọ́fíìsì, kí wọ́n máa tẹ lẹ́tà.

Èmi ni mo to ojú kọ̀ǹpútà náà. Bí a kì í ti í gbé àpótí kúrò níbi tí Bàbá mọ̀ ọ́n sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni mo fi gbogbo nǹkan sí àyè kan ṣoṣo. Màósì, mo yọ ọ́ dànù. Ta ni yóò máa wá ọfà ojú ẹ̀rọ tí kò rí? Bọ́tìnnì ni Bàbá ń tẹ̀, ẹ̀rọ á sì pe orúkọ ohun tí ọwọ́ wọn bà. Ohùn inú rẹ̀ ń pe Yorùbá bí òyìnbó tó fi ata sẹ́nu, ni mo bá fi ohùn tèmi rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá tàn án, á ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ pàṣẹ.” Kò pẹ́ tí Bàbá fi ń sáré lórí rẹ̀ ju awakọ̀ Ṣàngó lọ. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi: “Ọláṣùpọ̀, ohùn rẹ burú ju ti àkùkọ aláìsàn lọ!” Àǹtí, inú mi dùn. Bàbá ò bú èèyàn láti ìgbà tí ojú wọn ti lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú ìyàsímímọ́ náà, èrò pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ gan-an ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè. Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà” ni ẹ̀rọ kí Bàbá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Búrọ̀dá Ephraim, tó ń mójú tó ẹ̀rọ wọn, sáré pa ohùn rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ kọ́ ló máa bá Pásítọ̀ gbàdúrà. Wọ́n ṣe àmín tán, kò rántí dá ohùn náà padà.

Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ò fọhùn. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ dá ohùn ẹ̀ padà!” Ẹni tó ń darí èrò fà mí ní ṣẹ́ẹ̀tì: “Jókòó, ọmọ yìí, Ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́!” Pásítọ̀ rí i pé Bàbá ń tẹ bọ́tìnnì lásán, ló bá ní kí gbogbo ìjọ dìde gbàdúrà kí ojú Bàbá ó là. Gbogbo Ọ̀tà ń ké, “Là! Là!” Kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì ohùn kékeré kan.

Bá a ṣe ń lọ sílé, Bàbá di èjìká mi mú, wọ́n ní, “Ọláṣùpọ̀, ṣé orí mi náà ti ń lọ ni? Mi ò rí nǹkan kan níbi tí mo fi í sí.” Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní kí n má fi irọ́ tu àwọn nínú. Ẹ mọ̀ mí, Àǹtí, mo máa ń fi iyọ̀ sọ́rọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mi ò fi iyọ̀ sí i, Bàbá ò gbà á. Ìjọ ti gbé kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì gba ẹlòmíì síṣẹ́ náà. Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́, wọn ò bú mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Bó bá ti ẹnu yín jáde, Bàbá á gbà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà nà yín, kí ẹ bá wa láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹnikẹ́ni kì í gbà gbọ́,
Ọláṣùpọ̀.

Mo tún rántí: láàárọ̀ yìí, àwọn akọrin dá ohùn kọ̀ǹpútà padà, ohùn mi sì dún láti yàrá wọn, ó fo ògiri wá bá wa: “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ pàṣẹ.” Bàbá kọjú sí ògiri. Àwọn akọrin ní kí n wá yọ ọ́ kúrò, mo ní ọwọ́ ń dùn mí. Ẹ tètè máa bọ̀, kí wọ́n tó rí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n yọ.