Èdìdì Abẹ́ Abọ́

Àtìní, 2 March 2026

Ọwọ́ Ìyá Amọ̀ gbọ̀n lónìí. Kì í ṣe díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a fi ń mọ abọ́ ń yí, amọ̀ wà lórí rẹ̀, ó fẹ́ fi àtàǹpàkò la àárín rẹ̀ — gbogbo rẹ̀ wọ́ sápá kan, ó wó. Ó pa kẹ̀kẹ́, ó ní òtútù ni. Òtútù wo? Heater ń jó wa lẹ́sẹ̀.

Mrs. Morita ni àwọn èèyàn ń pè é. Èmi nìkan ni mò ń pè é ní Ìyá Amọ̀, nínú ìwé yìí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Abọ́ tí àwọn ará Japan fi ń mu tíì, àti orù kékeré pẹ̀lú ife tí wọ́n fi ń mu sàké, ọtí ìrẹsì wọn, ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lọ bá a ní Monday àti Thursday, ọjọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ mi ní hospital. Mi ò rí i kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n rí.

Ààwẹ̀ ti gbẹ mi lẹ́nu. Mo kó amọ̀ tó wó náà, mo gbálẹ̀.

Àlàmísì, 5 March

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Dókítà ti sọ fún un láti October: àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n ni, kò ní lọ, ṣe ni yóò máa le sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bọ̀ ní April 11, ní gallery Stella, ilé tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọnà ní downtown — abọ́ tíì mẹ́wàá, orù sàké márùn-ún pẹ̀lú ife wọn. Wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpè.

"Sími," — bẹ́ẹ̀ ló ń gé Sìmíátù — "bá mi mọ wọ́n. Èmi á tẹ èdìdì mi sábẹ́ wọn. Ìgbà ìkẹyìn nìyí."

"Yes, ma" ti jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú. Ta ni mo jẹ́ tí màá sọ pé rárá? Ọmọ àdúgbò Dada ni mí ní Ìlọrin, ìyá mi mọ ìkòkò títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n òun kì í lo kẹ̀kẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn yí ìkòkò po. Obìnrin yìí ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́, kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi ju kí n máa gbálẹ̀ lọ.

Jímọ̀, 6 March

Fàdìlàt ọmọ mi pè láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Schaumburg. Mo sọ fún un. "But Mummy, orúkọ ta ló máa wà lábẹ́ ẹ̀?" Mo ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àtìní, 9 March

Abọ́ mẹ́rin. Mẹ́ta dára. Ọ̀kan tó kù dára débi pé ẹ̀rù bà mí. Ìyá Amọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e, ó yí i, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó dìde lọ síbi fèrèsé, ó pẹ́ níbẹ̀.

Àlàmísì, 12 March

Amọ̀ ti gbẹ dé ìdajì, ó tó èdìdì tẹ̀. Èdìdì náà kò ju igi kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí lórí lọ. Ó tẹ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó ha ìdí abọ́ náà. Ó nà án sí mi. Kò wò mí lójú.

"Ìwọ tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Títí di àná, irọ́ tirẹ̀ ni, èmi kàn dákẹ́. Láti òní, tèmi ni.

Sátidé, 14 March

Ìjà. Baba Fàdìlàt rí fọ́tò orù nínú fóònù mi, ọ̀kan tí Ìyá Amọ̀ mọ nígbà kan, tí mo fẹ́ wò ṣe. Ó ní ó mà dára o, kí ni wọ́n ń rọ sí i? Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní ọtí ni.

Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Nínú oṣù yìí, Sìmíátù?" Kì í pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ àfi tí inú bá bí i.

Mo ní ìyá mi mọ ìkòkò fún gbogbo ayé, kò bi ẹnikẹ́ni ohun tó fẹ́ rọ sí i.

"Ìyá rẹ kò mọ̀. Ìwọ mọ̀."

Ó fi omi àti dàbínù ṣínu nínú pálọ̀, òun nìkan. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Ohun tó ń dun òun ni ọtí. Ohun tó ń dun èmi ni èdìdì, mi ò sì lè sọ ìyẹn fún un.

Àtìní, 16 March

Mo sọ fún Ìyá Amọ̀ pé mi ò ní lè mọ orù náà, pé ẹ̀sìn mi kò fẹ́ ẹ, pé ọkọ mi bínú. Ó ní ó yé òun. Ó so épírọ́ọ̀nù, ó jókòó sídìí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀.

Ó wó. Ó tún un gbé. Ó wó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dé ọrùn, inú mi ń dùn, ó tún wó. Ó fi ọwọ́ tí amọ̀ kún nu ojú. Amọ̀ wọ inú irun funfun yẹn. Mi ò rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Mo fa àpótí mi sún mọ́ ọn. Kí àkókò ìrun Ásárì tó dé, mo ti mọ orù márààrún. Mi ò sọ fún Baba Fàdìlàt.

Jímọ̀, 20 March

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo se ìrẹsì, mo rẹ́rìn-ín fún àlejò. Orù wà nínú kiln, ààrò tí a fi ń sun amọ̀.

Àlàmísì, 26 March

A ṣí kiln. Abọ́ mẹ́wàá, orù márùn-ún pẹ̀lú ife wọn, kò sí èyí tó sán! Mo bu omi sínú orù kan, mo dà á sínú ife — bí mo ṣe gbé e dúró, omi náà gé láìkán sílẹ̀, bí ẹni gbọ́ àṣẹ. Stella wá wò wọ́n. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé abọ́ tó ń bà mí lẹ́rù yẹn, ó ní ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí òun ti rí i gbẹ̀yìn kí ọwọ́ Mrs. Morita dúró ṣinṣin báyìí. Ìyá Amọ̀ tẹrí ba, ó dúpẹ́.

Èmi ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Sátidé, 11 April

Mo sọ òtítọ́ lónìí, lójú gbogbo èèyàn. Stella gbé abọ́ náà sókè, ó ní ọwọ́ tó ti ṣe é fún ọgọ́ta ọdún nìkan ló lè mọ irú èyí. Mo ní, "I made it. Èmi ni mo mọ gbogbo wọn." Tíì dà sára aṣọ Ìyá Amọ̀, kò nù ún. Stella bi í bóyá òótọ́ ni, ó ní òótọ́ ni. Wọ́n ní kí àwọn àlejò máa lọ.

Nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe sọ ọ́. Irọ́ náà ti wúwo jù.

Sọ́ńdè, 12 April

Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún Baba Fàdìlàt. Inú rẹ̀ dùn, ó ní Ọlọ́run ti dárí orù jì mí. Ní mọ́sálásí, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìyàwó òun kọ iṣẹ́ ọtí sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Alhaja Ràhámọ̀tù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin ibẹ̀, dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúrà fún mi. Mo ní àmín, àmín.

Àlàrùbá, 15 April

Ìyá Amọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin Metra wá sí ilé wa ní Richton Park. Òun nìkan, pẹ̀lú ọwọ́ yẹn! Kò bọ́ kóòtù. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n dìde.

Ó ní òun kò wá bínú. Ọ̀ràn òun ni, òun ló kọ́kọ́ purọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé òun wá: "Kí ló dé tí o fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn? O ní oṣù kan láti sọ fún èmi nìkan pé o kò lè gbé irọ́ náà mọ́."

Mo ní nítorí Ọlọ́run ni.

Ó wò mí títí. Ó ní kí n gbé òun lọ sí station.

Jímọ̀, 17 April

Ohun tí mi ò kọ sílẹ̀ ní Sátidé nìyí.

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ní gallery, mo wọ búbá tuntun. Ọkùnrin kan na ife tó ti mu tán sí mi, pẹ̀lú tíṣù tó fi nu ẹnu. Kò wò mí. Ó rò pé èmi ni mò ń kó àwo. Mo gbà á. Ó yíjú sí abọ́ mi — abọ́ mi! — ó ní ohun àgbàyanu. Ìgbà yẹn gan-an ni Stella ń sọ̀rọ̀ ọgọ́ta ọdún. Ife ọkùnrin yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo lanu.

Orúkọ mi ni mo fẹ́. Mi ò rántí Ọlọ́run rárá. Mo sọ òtítọ́, mo sì fi í lu arúgbó kan lójú gbogbo ayé.

Àtìní, 20 April

Mo lọ. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó dúró sẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún un nínàró, ife, tíṣù, gbogbo rẹ̀. Mo ní irọ́ ni mo pa fún un ní Wednesday, pé orúkọ mi ni mo fẹ́.

Ó ní, "Ìyẹn yé mi. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yẹn ni kò yé mi."

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lára ilẹ̀kùn. Ó ní kí n wá ní Thursday. Kò sọ bóyá iṣẹ́ ni, tàbí kí n wá kó ẹrù mi.

Hospital ti yí shift mi, Thursday kì í ṣe off mi mọ́. Mo pe Kùdírátù tí a jọ ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Thursday. Ó gbà.