Ilẹ̀ Òkè Tí Wọ́n Ní Ó Ti Sàn

Èmi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, opó ọkùnrin kan tó fi ọdún mọ́kànlélógún wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́. Orí mi pé. Ojú mi ò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń rí ohun tó yẹ kó rí. Ẹnikẹ́ni ò fún mi lọ́tí, ẹnikẹ́ni ò sì fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ iye ohun tí mo sọ: ìpín méje ni. Tí ẹ bá ka mẹ́jọ, ẹnìkan ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìwọ tó ń kọ̀wé, ọmọ àkọ́bí mi ni ẹ́, mi ò gbàgbé. Má rẹ́rìn-ín. Kọ gbogbo ẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, pàápàá èyí tó bá kan bàbá rẹ.

Ìkíní. Àwọn tó máa mójú tó ìwé yìí ni ọmọ mi obìnrin tó ń ránṣọ, àti Ẹlẹ́sẹ̀ Kan, tí òun àti ọkọ mi jọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Àkọ́bí mi ọkùnrin ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ pè mí ní ìyá. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ẹja gbígbẹ fún ológbò ṣọ́ torí pé èmi ni mo bí ológbò.

Ìkejì. Ilé tí mo ń gbé. Yàrá ọ̀dọ̀ títì àti ẹ̀rọ ìránṣọ inú rẹ̀ di ti ọmọ mi obìnrin. Yàrá ẹ̀yìn di ti àkọ́bí. Kí wọ́n jọ máa lo pálọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ẹnì kejì. Mo mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àpótí mi ti rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì dá padà wálé fúnra rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ ló wà nínú àpótí yẹn nígbà náà. Ọwọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan ni ìwé náà wà báyìí, ẹ má wulẹ̀ da aṣọ mi rú.

Ìkẹta. Ewúrẹ́ mẹ́rin. Mẹ́ta jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin. Ẹ̀kẹrin, funfun tó ní ìwo kan, àkọ́bí ni mo fún. Ó fẹ̀sùn kan ewúrẹ́ yẹn, ẹ máa gbọ́ ọ láìpẹ́. Kí àwọn méjèèjì máa gbé pọ̀, kí wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn.

Ìkẹrin. Gbèsè. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, àmọ́ mo jẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan ní ẹ̀bẹ̀. Ní bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ihò èédú pa, ó wá jókòó sí pálọ̀ mi pẹ̀lú igi tó fi ń rìn. Ó ní abẹ́ ilẹ̀ òkè wa, èyí tó wà lórí ihò yẹn, ti ṣófo. Ó ní nígbà tí èédú fẹ́ tán, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n padà lọ gé àwọn òpó èédú tí wọ́n dá sí láti gbé ilẹ̀ dúró. Wọ́n gé wọn, wọ́n kó wọn jáde, ẹnikẹ́ni ò sì kọ ọ́ sínú máàpù. Ibẹ̀ ni òkúta ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní irọ́ ni, ó fẹ́ ba ọkọ mi lórúkọ jẹ́. Mo fi ìgbálẹ̀ lé ẹlẹ́sẹ̀ kan jáde, ó sì sáré ju èmi ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ. A ò kíra wa fún ọdún mẹ́wàá.

Orí àìsàn ni ọkọ mi ti wá jẹ́wọ́. Ó wúkọ́, ó sinmi, ó ní òótọ́ ni, òun náà wà níbẹ̀, àfikún owó tí wọ́n fún wọn lórí iṣẹ́ yẹn la fi ra páànù tó bo ilé yìí. Ọkùnrin tí mo fọ aṣọ dúdú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, tí mi ò sì kórìíra omi aṣọ náà lọ́jọ́ kan nìyẹn. Ó kú, mo sì ń sùn lábẹ́ páànù yẹn, ojú ń tì mí láti lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá la ti tún ń kíra, àmọ́ ẹnu mi ò tíì sọ ọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ Kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ gbé àga onítìmùtìmù tó wà ní pálọ̀ lọ, èyí tí mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó pẹ́ lórí ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìkarùn-ún. Ọ̀pá irin ọkọ mi, tí wọ́n fi ń gbá òrùlé ihò wò kí wọ́n tó wọlé, di ti ọmọ mi obìnrin, pẹ̀lú èèkàn méje àti okùn mi. Nígbà tí kọ́ńpìnnì dí ẹnu ihò, tí wọ́n da ilẹ̀ dúdú lé e, tí wọ́n gbin koríko, wọ́n ní ilẹ̀ òkè ti sàn. Lẹ́yìn tí ọkọ mi jẹ́wọ́, mo kan èèkàn méje mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní ìlà kan, mo sì fa okùn le lórí wọn, gbogbo orí wọn kan okùn. Òjò ọdún méjì rọ̀. Èèkàn ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí ò mira, àmọ́ mẹ́ta tó wà láàárín ti lọ sísàlẹ̀, ìka mi mẹ́rin ń gba abẹ́ okùn kọjá. Mo pe àkọ́bí wá wò ó. Ó wò ó, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn èèkàn mẹ́ta yẹn ti ga padà, wọ́n kan okùn gẹ́lẹ́. Inú mi ì bá dùn, àmọ́ mo ti fi ọ̀bẹ dá àmì sí ara gbogbo wọn, mo sì kọjú àmì náà sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Àwọn mẹ́ta yìí ti kẹ̀yìn sí oòrùn. Àkọ́bí ní ewúrẹ́ oníwo kan ló fà wọ́n tu. Ẹ bá mi bi í, ewúrẹ́ wo ló ń fa èèkàn tu tó tún ń kàn án padà?

Ìkẹfà. Ọkùnrin kọ́ńpìnnì kan wà tí mo sọ ní Olóhùn Oyin. Ó máa ń béèrè bí orúnkún mi ṣe ń ṣe kó tó mú ìwé jáde. Ẹni tí kò bá mi tan tó ń béèrè orúnkún mi, ìka ọwọ́ mi ni mo máa ń kà tó bá lọ tán. Ìwé rẹ̀ sọ pé mo ti gba ilẹ̀ mi padà ní pípé, pé ohunkóhun tó bá rì lẹ́yìn náà, tèmi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gbé e wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi í pamọ́ sábẹ́ ìwé tí mo máa fi gba irúgbìn koríko. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ̀ pé ìwé méjì nípọn ju ẹyọ kan lọ. Mi ò tẹ̀ ẹ́ rí. Tí ẹ bá rí ìka mi lórí ẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti bá mi lójú oorun, tàbí ó ti bá òkú mi.

Ìkeje. Ilẹ̀ òkè. Àkọ́bí ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, tó fẹ́ kọ́ ilé tí ìdílé mẹ́fà máa gbé síbẹ̀. Ó ní, Màmá, òpó wà níbẹ̀, mo rí i nínú máàpù. Inú máàpù ni òpó wà lóòótọ́, kò sí lábẹ́ ilẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa sùn sórí ẹ̀. Tí mo bá fún ẹlòmíì ní ilẹ̀ yìí, àkọ́bí máa jà. Tí mo bá fún un lásán, ó máa tà á. Torí náà, òun ni mo fún, mo sì fi ara mi kún un. Àárín ilẹ̀ náà gan-an, nídìí èèkàn kẹrin, ni kí ẹ sin mí sí. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí ìyá ẹni tó ń tà á dùbúlẹ̀ sí láàárín. Kí àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀ so okùn mọ́ ìbàdí, kí ìdí okùn wà lára igi tó wà létí ọ̀nà. Kí ẹ̀yin yòókù dúró sórí títì, ẹ lè sunkún láti ibẹ̀, màá gbọ́. Ewúrẹ́ lè máa jẹko níbẹ̀, wọn ò wúwo. Ilé kankan ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Àkọ́bí, ìwọ ni kó o máa wá ro ojú oórì mi, kí ẹsẹ̀ rẹ fúnra ẹ̀ máa sọ fún ọ ohun tó o kọ̀ láti gbọ́ lẹ́nu mi. Tí ilẹ̀ náà bá sì rì lọ́jọ́ kan, èmi ló máa gbé lọ, èmi sì ti kú tẹ́lẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò mi òsì, ní pálọ̀ mi, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta, ọdún kejìlá tí wọ́n ti ihò èédú pa.

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín (ìtẹ̀ka rẹ̀)

Àwọn tó wà níbẹ̀ tí ojú wọn rí i:
Kápẹ́ńtà tí ilé rẹ̀ kan tiwa
Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú orúnkún mi