Ohùn Tí Avva Mọ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 Okúdù 2018. Hyderabad.

A ti ya fíìmù tán láti oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n wàhálà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nínú iṣẹ́ sinimá tiwa yìí, àwòrán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ohùn sí i, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Bí ahọ́n ẹ bá wúwo, ẹlòmíì ni yóò bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ. Ojú tìrẹ, ohùn tẹlòmíì.

Olùdarí wa — Jàgbàdo ni mo ń pè é níbí, torí àgbàdo sísun kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀ — sọ ọ́ fún mi láìfepobọyọ̀. Ó ní, "Kotresh, o mọ eré ṣe. Ṣùgbọ́n Tẹlugu ẹ, Dharwad ló ń rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún ẹ."

Tẹlugu ni èdè ìlú yìí; Dharwad ni ìlú tèmi, Kannada la ń sọ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Torí Avva nìkan ni mo ṣe fara mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Okúdù

Avva, ìyá mi. Òun ló ń dáná fún ẹgbẹ́ òṣèré tí mo dàgbà sí. Ọdún méjìlélógún tí mo fi wà lórí ìtàgé, kò fojú rí eré mi rí. Ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé ló máa ń wà, nídìí iná, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ rotti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ọkà bàbà, fún ọgbọ̀n ènìyàn tí ebi máa pa lẹ́yìn eré. Etí ló fi ń wò mí. "O kánjú sọ̀rọ̀ lónìí." "Ọ̀fun ń dùn ẹ́, àbí?" Kì í tàsé.

Ní sinimá kò sí iná tó máa bójú tó. Ó máa jókòó, ó máa wo ọmọ ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí n wá lanu, kí ohùn àjèjì jáde? Ó tì o.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Okúdù

Màmá Sitamma ló ń kọ́ mi. Ogójì ọdún ló ti fi ń fi ohùn ẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arẹwà inú sinimá. Ó ti sunkún, ó ti lọ́kọ, ó ti kú láìmọye ìgbà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dá ojú ẹ̀ mọ̀ lọ́jà.

Mo ń ka ìwé ìròyìn fún un, ó ń pariwo lé mi lórí. "Ta lo ń pè, àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá? Gbohùngbohùn wà níwájú ẹ, kì í ṣe adití!" Àṣà ìtàgé. Mo fẹ́ràn ìyá yìí gan-an.

Ọjọ́rú, 13 Okúdù

Mo lálàá ní Tẹlugu. Èmi àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ń jà. Òun ló borí.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Okúdù

Avva pè. Ó ní ṣé wọ́n ń fún mi lóúnjẹ. Mo ní wọ́n ń fún wa ní ìrẹsì. Ó ní ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ohùn fún un. "Kí ẹlòmíì máa bá ẹ sọ̀rọ̀? Ṣé o yadi ni?"

Ọjọ́ Ajé, 25 Okúdù

Òní ni! Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n pè mí. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fẹnu kan nǹkan kan. Ibi tí mo ti ń sunkún lórí òkú àbúrò mi nínú fíìmù ni wọ́n fi dán mi wò. Ni ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ bá yọ nǹkan etí ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ikùn yín náà ń sọ Tẹlugu o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Jàgbàdo ò jẹ àgbàdo mọ́. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Tẹlugu ti di tèmi! Mo jẹ idli, àkàrà ìrẹsì wọn, méje, Màmá Sitamma ń kà á. Wọ́n á fi fíìmù náà hàn ní àwọn èdè mìíràn pẹ̀lú; wọ́n gbé Tamil àti Hindi fún ẹlòmíì. Kò dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 28 Okúdù

Kannada ńkọ́? Mi ò tilẹ̀ bi wọ́n. Èdè ìyá mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Agẹmọ

Wọ́n ti gbé Kannada fún ọkùnrin kan ní Bengaluru. Ó ti ṣe é tán. Jàgbàdo ò lè wojú mi. Ó ní àwọn tó ń ta fíìmù níbẹ̀ sọ pé Kannada tèmi jọ ti ará oko jù.

Ahọ́n tí mo fi jọba lórí ìtàgé! Inú bí mi, mo sì sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí dé ilé. Mi ò lè sọ fún Avva.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Ògún. Dharwad.

Fíìmù jáde. Avva wọ sárì aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó di rotti sínú aṣọ. Mo yọ lójú fíìmù, àwọn ará àdúgbò ń súfèé. Mo lanu, ohùn ọkùnrin Bengaluru yẹn jáde. Avva wo fíìmù, ó wò mí, ó dijú. Kò pẹ́ tó fi dìde, tó jáde.

Mo bá a níta. "Ojú ọmọ mi nìyẹn. Ta ni ọkùnrin tó wà nínú ẹ̀?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní ibo ni tèmi wà. Mo ní wọ́n ń fi ti Tẹlugu hàn ní Ballari, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò gbọ́ Tẹlugu, Avva.

"Ta ló bi ẹ́ ní ìyẹn?"

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ògún. Ballari.

Wákàtí márùn-ún nínú bọ́ọ̀sì. Bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀, ó dijú, ó dẹtí. Kò wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ ń yún mi kí n fọwọ́ tọ́ ọ, kí n ní ẹ wò mí, Avva! Mo fi í sílẹ̀. Níbi òkú, obìnrin tó wà níwájú wa ń sunkún gidi. Avva kàn fajú ro.

A jáde. Mo ní ṣé ó yé yín. Ó ní kò yé òun rárá. Ó tú aṣọ, ó fi rotti àti ẹ̀pà gígún lé mi lọ́wọ́.

"Níbi tó o ti ń sunkún yẹn, o ò tíì jẹun lọ́jọ́ náà."

Mi ò sọ fún un rí. Mo jókòó sétí títì, mo jẹ ẹ́ tán.