Ọta Ọmọ Télọ̀

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Lanham ní Amẹ́ríkà níbí, bí orúnkún tilẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n jókòó. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tọ́jú yín, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí ewúrẹ́ yín tó jẹ fìlà mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀.

Ara mi le. Ooru ti mú níta, ṣùgbọ́n ilé ọmọ mi tutù bí ìgbà ọyẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ á ti lọ síbi iṣẹ́ kí n tó mu tíì tán, àwọn ọmọ wọn á sì máa fi òyìnbó dá mi lóhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa tẹ̀lé Lámídì lọ sóko.

Lámídì yìí, mọ́sálásí kan náà la jọ ń lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni, télọ̀ ni bàbá rẹ̀, kò wọ igbó rí kó tó dé Amẹ́ríkà. Òun ni wọ́n wá ń pè ní Ọdẹ. Èmi tí bàbá mi fi ìbọn bọ́, Bàbá Àgbà ni wọ́n ń pè mí. Ó ń ta mí bí ata tó bọ́ sójú.

Bàbá olóko kan níbí gbin ẹ̀wà sóyà. Ẹran kan tó jọ òkété, àmọ́ tó sanra jù ú lọ, ń jẹ ẹ́ run, ó sì ń gbẹ́ ihò tí katakata ń rì sí. Bàbá náà yá wa ní ìbọn kékeré, ó ní ẹni tó bá pa ẹran yẹn ni yóò máa bá òun ṣọ́ oko.

Lámídì ń yẹ páálí ọta wò bí ẹni ń yan aṣọ. Ó mú èyí tó fúyẹ́, tí awọ bàbà ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ní tó bá wọ ara ẹran, ibẹ̀ ló máa fọ́ sí, kò ní kọjá lọ sílé aládùúgbò. Mo ní kó lọ rán ṣòkòtò, pé ta ló máa se ẹran tí ọta ti fọ́ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀? Èmi mú ọta líle tí bàbà bò, tó ń lu ihò kékeré, tí kì í ba ẹran jẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ yìn. Ọta mi gba ara ẹran náà kọjá, ó kọlu òkúta, ó ta lọ lu táńkì omi bàbá olóko. Ẹran wọ ihò lọ tòun tọgbẹ́. Nígbà tó tún yọjú lọ́jọ́ kejì, Lámídì yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú síbẹ̀. Wọ́n sin ín ni, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́. Lámídì gba kọ́kọ́rọ́ géètì, èmi gba rọ́bà tí n ó fi dí táńkì.

Mo pè yín lórí fóònù kí ẹ lè bá mi bú u, ẹ̀rín lẹ bú sí. Ẹ ní àpò méjì ni bàbá mi ní: ọta ńlá fún ẹtu tí a óò jẹ, ọta wẹ́wẹ́ fún eku tó ń ba iṣu jẹ́. Ẹ ní n kò lè mọ̀, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni mo máa ń wà nígbà tó bá ń ki ìbọn. Òótọ́ ni, Màmá.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn mọ́sálásí, torí Lámídì máa ń kà á. Ọta rẹ̀ ló dáa ju tèmi lọ. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo ṣì ń jowú kọ́kọ́rọ́ yẹn, àmọ́ tó bá gbà kí n máa tẹ̀lé òun, n ó máa bá a gbé páálí ọta.

Ọlọ́run á dá yín sí, kí ẹ lè máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín tó mọ ẹran jẹ ju bó ṣe mọ ìbọn yìn lọ,
Múráínà